Ọ̀gá Ọkọ̀ Ogun àti Ọ̀gá Ilé Iṣẹ́

Bí ènìyàn bá dúró ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Sàngó, tàbí ní ọ̀nà Ìdírókò ní Ọ̀tà, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, yóò rí ọ̀wọ́ ènìyàn méjì tí wọ́n ń pàdé ara wọn. Ọ̀wọ́ kan ń jáde bọ̀, eruku iṣẹ́ wà lára aṣọ wọn. Ọ̀wọ́ kejì ń wọlé lọ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, láti bá ẹ̀rọ ṣọ́ òru títí di òwúrọ̀. Ẹ̀rọ tí ń yọ́ irin, ẹ̀rọ tí ń ṣe ike, ẹ̀rọ tí ń po ọṣẹ, gbogbo wọn ni kì í fẹ́ sùn. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, kò sì bá òkun pààlà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn pípín ọjọ́ sí ìṣọ́ ìṣọ́ yìí, ó jọ ọkọ̀ ojú omi ju bí ó ti jọ oko lọ. Àgbẹ̀ a máa ti oko dé nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Atukọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe rò ó pé yóò ṣe àwọn mánéjà àti àwọn alábòójútó tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yìí ní àǹfààní, bí a bá sọ díẹ̀ nípa bí a ti í ṣe olórí nínú ọkọ̀ ogun. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ó rò pé ohun tí ọkọ̀ ogun lè kọ́ wọn ni kí wọ́n máa fi ohùn líle pàṣẹ, kí òṣìṣẹ́ sì máa wárìrì. Ẹni tí ó bá rò bẹ́ẹ̀ kò tí ì gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Òfin tí ó ga jù nínú ọkọ̀ ogun ni pé ọ̀gá ọkọ̀ ni yóò dáhùn. Bí ọkọ̀ bá gun àpáta ní aago mẹ́ta òru, tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ́mọdé olóyè kan ni ó wà lórí ìṣọ́, tí ọ̀gá sì ń sùn nínú iyàrá rẹ̀, síbẹ̀ a ó pe ọ̀gá náà wá sí iwájú àwọn adájọ́. Kò lè wí pé òun kò sí níbẹ̀. Nítorí ìdáhùn yìí ni a ṣe fi àṣẹ ńlá bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ wa láti odò Ọya, tí í ṣe odò tiwa. Ní ọdún 1841 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, sí odò náà láti bá àwọn ọba ibẹ̀ dá májẹ̀mú kí òwò ẹrú lè dópin. Trotter ni ọ̀gá àgbà wọn. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, tí kò tí ì di àlùfáà nígbà náà, bá wọn lọ pẹ̀lú Schön ti ẹgbẹ́ C.M.S. Ìpèsè wọn pọ̀ púpọ̀. Nítorí tí àwọn amòye ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ búburú láti inú irà ni ó ń fa ibà, a ṣe ẹ̀rọ sínú àwọn ọkọ̀ náà tí yóò máa fọ afẹ́fẹ́ mọ́. (Ẹ̀fọn ń kọrin sí wọn létí ní gbogbo àkókò yìí, ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ara ẹ̀fọn.) Ní oṣù August wọ́n wọ odò, ní September ibà dé. Nínú òyìnbó 145, 130 ni ibà dá wólẹ̀, àwọn tí ó kú sì tó 40. Ọkọ̀ méjì kó àwọn aláìsàn, wọ́n padà. Albert nìkan ni ó ń bá a lọ títí dé Egga, kò sì pẹ́ tí ibà fi mú Trotter fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé, gbogbo àwọn tí ó mọ ẹ̀rọ í wà ti dùbúlẹ̀. Dókítà McWilliam ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń tọ́ ọkọ̀. Dókítà Stanger, tí ó jẹ́ pé ìmọ̀ òkúta àti ilẹ̀ ni ó bá wá, ṣí ìwé, ó ka bí a ti í wa ẹ̀rọ, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń rọra bọ̀ títí Beecroft fi wá pàdé wọn pẹ̀lú ọkọ̀ Ethiope.

Àwa kò dá Trotter lẹ́bi. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ju bí ó ti mọ̀ lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo Stanger. Ẹ melòó nínú àwọn ọ̀gá wa ni ó lè sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹni tí yóò wà á, tí kò ní wí pé ìwé ẹ̀rí òun kò bá iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mu?

Ní ọdún 1854 a tún rán ọkọ̀ kan, Pleiad, sí odò kan náà. Beecroft ni ìbá ṣe olórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú ní Fernando Po ní oṣù June, kí ọkọ̀ tó dé. Ẹrù náà sì bọ́ sí orí Baikie, dókítà ọkọ̀ ogun, ẹni tí kò tí ì pé 30 ọdún. Òyìnbó 12 àti ọmọ Áfíríkà 54 ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, Crowther sì tún wà nínú ọkọ̀. Wọ́n gun odò Bẹ́núè jìnnà ju ibi tí àwọn ti ìṣáájú dé lọ. Ọjọ́ 118 ni wọ́n lò nínú odò. Kò sí ẹnì kan tí àìsàn pa nínú wọn.

Kí ni Baikie ṣe? Kò dúró de ibà. Ó ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní oògùn kinínì láàárọ̀ àti ní alẹ́, nígbà tí ara wọn ṣì le, tí kò sí ẹni tí orí ń fọ́. Àwọn ti 1841 náà ní kinínì nínú ọkọ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú pé Baikie sọ ọ́ di ìlànà ojoojúmọ́. A gbọ́ tí àwọn alábòójútó kan ní Ọ̀tà níbí ń wí pé, “A ti pín ìbọ̀wọ́ fún wọn, àwọn ni kò wọ̀ ọ́.” Ìbọ̀wọ́ tí ó wà nínú àpótí kò tí ì gba ìka ẹnikẹ́ni là. Olórí tí ó pín in, tí kò sì padà wá wò ó bóyá a wọ̀ ọ́, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ní ọdún 1857 Baikie tún gun odò náà nínú ọkọ̀ Dayspring, ọkọ̀ náà sì fọ́ lórí àpáta lẹ́bàá Jẹ́bà ní oṣù October. Wọ́n pàgọ́ sí etí odò, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan kí ọkọ̀ mìíràn tó wá gbé wọn. Ta ni yóò lọ wá oúnjẹ àti aṣọ? Kì í ṣe àwọn atukọ̀ kékeré ni a rán. Glover, tí í ṣe olóyè ọkọ̀ ogun, ni ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Jẹ́bà la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó, tí ó sì tún padà. Ẹni yìí náà ni ó wá di gómìnà ní Èkó lẹ́yìn náà, tí àwọn àgbà ń pè ní Gólóbà, tí a sì fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni olórí lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun gbogbo. Nígbà mìíràn ẹni tí ó kéré jù nínú ọkọ̀ ni ó mọ ibi tí omi ti ń wọlé. Àwọn tí wọ́n bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 rántí pé ẹlẹ́wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù nínú ọkọ̀ náà, òun ni ó sì kìlọ̀. Balógun ọ̀rún fetí sí ọlọ́kọ̀ jù ú lọ, ọkọ̀ sì rì. Ọlọ́run nìkan ni ó dá ẹ̀mí 276 sí.

Irú àìfetísílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó bá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù April ọdún 1797. Wọ́n ń bá Faransé jà lọ́wọ́, àwọn atukọ̀ tí ó wà ní Spithead, lẹ́bàá Portsmouth, sì kọ̀, wọn kò ta ìgbòkun. Ó ti lé ní 130 ọdún tí a ti fi kún owó iṣẹ́ wọn gbẹ̀yìn. Póun tí a fi ń wọn oúnjẹ fún wọn jẹ́ áúnsì 14 dípò 16. Ẹni tí ó bá fara gbọgbẹ́ lójú ìjà, owó rẹ̀ dúró títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Lord Howe, àgbà ọ̀gágun tí wọ́n fẹ́ràn. Ó fi í ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ, wọn kò sì kà á sí. (Àwa tí a ti jókòó nídìí tábìlì akọ̀wé rí mọ bí ìwé ẹ̀bẹ̀ ti í sùn lábẹ́ ìwé mìíràn.) Síbẹ̀ àwọn atukọ̀ náà wí pé bí ọkọ̀ Faransé bá jáde, àwọn yóò lọ pàdé rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ilé iṣẹ́.

Ìjọba gbà láti fi owó kún un, ṣùgbọ́n wọn kò gba ìjọba gbọ́ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀ nínú ọkọ̀ London. Nígbà náà ni a tó rán Howe. Ẹni ọdún 71 ni, àrùn oríkèé sì ń dà á láàmú. Ó wọ ọkọ̀ kékeré, ó sì ń ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí èkejì fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń gbọ́ tẹnu wọn. Ó mú ìdáríjì ọba lọ́wọ́. A yọ ọ̀pọ̀ olóyè tí ó rorò kúrò nínú ọkọ̀. A kò so ẹnì kan kọ́, wọ́n sì ta ìgbòkun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa pé èéṣe tí a fi dúró títí ẹ̀jẹ̀ fi ta kí àgbà tó dé ọjà.

Ní tiwa ní Nàìjíríà, ọdún 1956 ni a dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀. Joseph Edet Akínwálé Wey, tí a bí ní Calabar ní ọdún 1918, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di olórí rẹ̀, ní ọdún 1964. Ìdí ẹ̀rọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ìjọba tí a ń pè ní Marine. Ẹni tí ó ti làágùn nídìí ẹ̀rọ kò nílò kí a kọ ìwé sí i kí ó tó mọ̀ pé ooru ń mú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ká wa lára ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Nínú kíláàsì ìrìbọmi wa, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ti ìṣọ́ òru bọ̀ a máa tòògbé. A kì í bá wọn wí. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún wa pé ní ibi iṣẹ́ òun, alábòójútó a ka àwọn wọlé ní alẹ́, a ti ìlẹ̀kùn ńlá láti ìta nítorí olè, a sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. A kò ní dárúkọ ibi iṣẹ́ náà. Ní oṣù September ọdún 2002, ní Òdógunyàn lẹ́bàá Ìkòròdú, iná sọ ní òru nínú ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ohun èlò rọ́bà. A ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jóná. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti wà láti ọdún 1987, tí ó wí pé níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú ilé iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí ó wà nínú kò fi ní lè ṣí i kíákíá.

Mánéjà lè wà ní ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà ní òru, kí ó máa sùn. Ọ̀gá ọkọ̀ náà a máa sùn. Ṣùgbọ́n kí ó tó sùn, ó ti bèèrè ẹni tí ó wà lórí ìṣọ́, ó sì ti fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí a jí òun bí ohunkóhun bá yí padà. Ìyàwó ẹni tí ó lọ ìṣọ́ òru ní Sàngó kò mọ ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà. Aago méje òwúrọ̀ ni ó mọ̀, nígbà tí omi ẹ̀kọ ti ń hó lórí iná, tí ó sì ń tẹ́tí sí ìró ẹsẹ̀ ní ojúlé.