Kí ẹ tó ta ṣíbí fàdákà bàbá yín fún oníkòǹdẹ́mù, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò ná

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo wà ní Sẹ̀kọnà, lójú ọ̀nà tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá sí Ẹdẹ, nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan tó mọ̀ mí dáadáa pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tètè máa bọ̀ o. Ẹnì kan fẹ́ ra ẹrù bàbá ẹ."

Ọkọ wọn tó ti dolóògbé ni wọ́n ń pè ní bàbá mi yẹn. Bàbá náà ṣe kúùkù fún òyìnbó kan n'Ìbàdàn kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Nígbà tí òyìnbó ọ̀hún ń padà sílùú ẹ̀, ó gbé àpótí kan sílẹ̀ fún un. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ló kún inú ẹ̀, pẹ̀lú abọ́ kékeré kan tí wọ́n fi ń bu ṣúgà. Láti ìgbà yẹn ni àpótí náà ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ ìyá fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC lọ́dún yìí, owó ẹ̀ ò sì tíì pé. Bí wọ́n ṣe fa àpótí jáde nìyẹn.

Ìgbà tí mo máa débẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí kòǹdẹ́mù, ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Ó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì kan àwọn ṣíbí náà níkọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ rí i pé mágínẹ́ẹ̀tì ò gbé e? Fàdákà ni. Mo máa san ₦15,000 fún gbogbo ẹ̀, torí pé ẹ̀yin ni o." Ó wá nawọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó mú ẹ̀gbà ọwọ́ kan jáde, idẹ tó wúwo, tí wọ́n fi aṣọ wé. Ó ní, "Kí ẹ sì fi eléyìí ṣe ènì fún mi."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan péré. Ohun tí mo ṣe láàárín wákàtí yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí, torí mo mọ̀ pé irú àpótí yìí wà nílé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń kà mí.

Mágínẹ́ẹ̀tì ò mọ fàdákà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ wọ́ nìyí. Lóòótọ́, mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbé fàdákà. Ṣùgbọ́n kì í gbé bàbà, kì í gbé idẹ, kì í sì í gbé alumíníọ̀mù ìkòkò wa náà. Tí mágínẹ́ẹ̀tì ò bá gbé ṣíbí yín, ohun tó ń sọ ò ju pé ṣíbí náà kì í ṣe irin lásán. Kò sọ ohun tó jẹ́ fún yín.

Ẹ̀yìn ṣíbí ló ń sọ ọ́. Mo yí ṣíbí àkọ́kọ́ dé, mo rí lẹ́tà mẹ́rin: EPNS. Mo yí ìkejì dé, EPNS. Mẹ́rìnlélógún ni ṣíbí àti fọ́ọ̀kì náà, ohun kan náà ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ìtumọ̀ lẹ́tà wọ̀nyẹn ni pé iná mànàmáná ni wọ́n fi lẹ fàdákà tó tín-ín-rín mọ́ ara irin mìíràn. Nickel silver lòyìnbó ń pe irin tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kò sí fàdákà kankan nínú ẹ̀. Bàbà, nickel àti zinc ni wọ́n pò pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Elkington ní Birmingham ló gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ yìí lọ́dún 1840, látìgbà náà lẹni tí kì í ṣe ọlọ́lá ti lè máa fi ohun tó ń dán bíi fàdákà jẹun.

Bí ìlò bá pọ̀, ara ẹ̀ á máa fi hàn. Ẹ wo ẹ̀yìn ikùn ṣíbí, níbi tó ti máa ń kan tábìlì. Fàdákà ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ kúrò, àwọ̀ tó pọ́n díẹ̀ á máa yọjú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìyá rí.

Mo sọ fún oníkòǹdẹ́mù pé, "Bọ̀dá, èyí kì í ṣe fàdákà o." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ kọ ìwé ìròyìn mi. Mo wá gbé abọ́ ṣúgà.

Kìnnìún, ìdákọ̀ró àti lẹ́tà kan

Fàdákà gidi tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í dákẹ́. Lọ́dún 1300, Ọba Edward Kìíní ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta iṣẹ́ fàdákà tí kò bá dára tó fàdákà owó ìlú, àti pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì lu àmì orí ẹkùn sí i lára. Nígbà tó di 1478, wọ́n fi lẹ́tà kan kún un tó ń yí padà lọ́dọọdún, tí a fi ń mọ ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 1544 ni kìnnìún tó ń rìn dé. Lọ́dún 1773, ìlú Birmingham àti Sheffield gba ilé àyẹ̀wò tiwọn. Birmingham mú ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ṣe àmì, Sheffield mú adé.

Ohun mẹ́rin lẹ máa wá, nígbà náà. Kìnnìún tó ń rìn ń sọ pé fàdákà ni, ìyẹn ni pé ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ jẹ́ fàdákà. Bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù, torí fàdákà nìkan ti rọ̀ jù. Àmì ìlú ń sọ ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà kan ṣoṣo ń sọ ọdún. Lẹ́tà orúkọ sì ń sọ ẹni tó gbé e wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n kéré o, mo ní láti fi kámẹ́rà fóònù mi fà wọ́n súnmọ́ kí n tó rí wọn.

Lábẹ́ abọ́ ìyá, mo rí kìnnìún. Mo rí ìdákọ̀ró. Mo rí lẹ́tà ọdún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo rí L & Co nínú àpótí kéékèèké mẹ́ta tó so mọ́ra. Ara abọ́ náà ò dán gbọọrọ. Ojú òòlù ló wà lára ẹ̀ yíká, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ́ sórí iyẹ̀pẹ̀. Oníkòǹdẹ́mù rò pé ó ti wó ni, ó tiẹ̀ ti yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ìdí tí ojú òòlù fi wà níbẹ̀

Ojú òòlù yẹn kì í ṣe àbùkù, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ní nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn, ẹ̀rọ ti gba gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn èèyàn bíi John Ruskin àti William Morris wá ń pariwo pé kì í ṣe pé ọjà ń burẹ́wà nìkan ni, òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀ ti ń di ẹ̀rọ. Lọ́dún 1887, àwọn oníṣẹ́ ọnà kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa pàtẹ iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ni orúkọ Arts and Crafts ti wá. Lọ́dún 1888, C. R. Ashbee dá Guild of Handicraft sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn London, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ lu fàdákà di abọ́, ife àti ṣíbí. Wọn kì í pa ojú òòlù rẹ́. Lójú tiwọn, ó dà bí ìlà ojú, òun ló ń sọ ibi tí nǹkan ti wá. Iṣẹ́ wọn wà ní Victoria and Albert Museum ní London títí dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó bọ́ sí. Liberty, ilé ìtajà ńlá kan ní London, rí i pé ọjà náà ń tà. Lọ́dún 1899, wọ́n gbé fàdákà tiwọn jáde, wọ́n pè é ní Cymric, Archibald Knox sì wà lára àwọn tó ń ya àwòrán ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Haseler ní Birmingham ló ń bá wọn ṣe é, ìdí nìyẹn tí ìdákọ̀ró fi wà lára ẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ jáde, wọ́n á wá fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ kó lè jọ iṣẹ́ ọwọ́. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á sí tiṣẹ́ Ashbee. Lọ́dún 1902, Ashbee kó àwọn oníṣẹ́ ẹ̀ tòun tìdílé wọn lọ sí abúlé Chipping Campden. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n débẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń ṣàkójọ wọn kì í fi gba ojú òòlù nìkan gbọ́. Àmì abẹ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wò. Kì í sì í fi òṣùwọ̀n ra á. Iṣẹ́ àti orúkọ ló ń ra, ìwọ̀n fàdákà ibẹ̀ kéré sí owó tó máa san.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyí. Òṣogbo ò jìnnà sí wa níbí. Aṣírù Ọlátúndé, tí wọ́n bí níbẹ̀ lọ́dún 1918, alágbẹ̀dẹ ni. Nígbà tí àìlera ò jẹ́ kó lè ṣe iṣẹ́ irin tó le mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù lu bàbà àti alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ di àwòrán, ìtàn Bíbélì àti ìgbé ayé Yorùbá. Àwọn tó ń ra iṣẹ́ ọnà káàkiri ayé mọ̀ ọ́n. Bí oníkòǹdẹ́mù bá gbé iṣẹ́ ẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, alumíníọ̀mù ló máa pè é.

Ẹ̀gbà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ènì

Mo wá mú ẹ̀gbà idẹ yẹn. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Kò sí kìnnìún, kò sí lẹ́tà, kò sí ọdún. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa kì í kọ orúkọ sára iṣẹ́. Ohun tó sọ ọ́ dènì nìyẹn.

Mo ní, "Ìyá, ta ló ni eléyìí?"

Wọ́n ní, "Ìyá ọkọ mi ni. Ọwọ́ ìyá tiwọn ni wọ́n ti gbà á. Alágbẹ̀dẹ kan ní Ẹdẹ ló ṣe é, ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n fi sí wọn lọ́wọ́. Èmi náà wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tèmi." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀ ni."

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ìyá ìyá ọkọ ẹni tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún! Òfin ilẹ̀ wa, ìyẹn òfin 77 ti ọdún 1979 lórí mùsíọ́ọ̀mù, sọ pé iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918, títí kan ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun èlò ilé, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè rà kiri, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e kúrò nílùú láìgbàṣẹ. Abọ́ òyìnbó ò sí nínú òfin yẹn, torí iṣẹ́ ìbílẹ̀ ni òfin náà ń sọ. Ẹ̀gbà yẹn ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀.

A sì ti rí irú ẹ̀ rí. Lọ́dún 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Wúnmọníjẹ̀ n'Ífẹ̀, wọ́n hú àwọn orí tí wọ́n fi bàbà àti idẹ ṣe jáde. Kí ojú tó là sí i, wọ́n ti ta díẹ̀. Méjì tí William Bascom, ará Amẹ́ríkà, rà padà wálé lọ́dún 1950. Ọ̀kan ṣì wà ní British Museum.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí

Oníkòǹdẹ́mù gbé òṣùwọ̀n ẹ̀ lọ. Obìnrin kan tó ń fi abọ́ àti ṣíbí háyà fún òde àríyá l'Óṣogbo ló ra mẹ́rìnlélógún EPNS yẹn, ₦32,000. A sọ ohun tó jẹ́ fún un, kò sí pé a pè é ní fàdákà. Owó WAEC pé. Abọ́ ṣúgà ṣì wà nílé. A ti ya fọ́tò ẹ̀ àti àmì abẹ́ ẹ̀, ọmọ ìyá tó wà n'Ìbàdàn máa fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń ta irú ẹ̀ ní gbàǹjo ní London kí ẹnikẹ́ni tó dá owó lé e.

Tí ẹ bá ní irú ẹ̀ nílé, ẹ má fi eérú, iyẹ̀pẹ̀ tàbí kànìnkànìn onírin bó o. Dúdú ara ẹ̀ ò pa á lára, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ máa pa àmì rẹ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ tó rọ̀ ti tó. Ní ti iṣẹ́ ìbílẹ̀, ẹ gbé fọ́tò ẹ̀ lọ sí National Museum tó wà n'Ílé-Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo, kí ẹ sì bèèrè.

Kí n tó kúrò, mo kọ gbogbo ohun tí ìyá sọ nípa ẹ̀gbà náà sínú ìwé: ẹni tó ni ín, ibi tí wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀ ọ́. Ọmọ ọmọ wọn tó fẹ́ ṣe WAEC ló kà á sí wọn létí. Wọ́n ṣàtúnṣe orúkọ kan, wọ́n wá ká ìwé náà, wọ́n fi wé ẹ̀gbà pọ̀ mọ́ aṣọ ẹ̀. Òyìnbó fi kìnnìún sábẹ́ abọ́ tiẹ̀. Ìwé yẹn ni tiwa. Ẹ bá mi bèèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá yín kí ilẹ̀ tó ṣú.