Iyọ̀: Ohun tí a fi dá a, àti Iṣẹ́ tí ó ń ṣe

Kò sí ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a kì í bá iyọ̀. Òun ni a fi ń se ọbẹ̀, òun ni a fi ń tọ́jú ẹja kí ó má bàa bàjẹ́, òun náà sì ni àwọn àgbà ń fi kan ọmọ tuntun lẹ́nu ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ayé rẹ̀ lè ládùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ohun tí iyọ̀ jẹ́ kò pọ̀. Ìmọ̀ yìí kì í sì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ nìkan: ó kan oko, ó kan ilé ìdáná, ó sì kan ẹ̀mí ọmọ ọwọ́.

Ohun méjì ni ó para pọ̀ di iyọ̀, àwọn méjèèjì ni ó sì léwu. Èkíní ni sódíọ̀mù, irin dídán tí ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀bẹ lè gé e. Bí a bá sọ ọ́ sínú omi, yóò hó kíkankíkan, ó sì lè gbiná. Humphry Davy ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀, ní London, ní ọdún 1807. Èkejì ni kilorínì, afẹ́fẹ́ olóró tí ń jó ni lọ́fun. Òun ni àwọn ọmọ-ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Báwo wá ni apani méjì ṣe di oúnjẹ?

Átọ́ọ̀mù, tí ojú lásán kò lè rí, ni a fi dá ohun gbogbo. Nínú átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù wà, agbo lẹ́yìn agbo, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ru iná mànàmáná tí a ń fi àmì àyọkúrò (−) mọ̀. Sódíọ̀mù ní 11: 2 nínú agbo àkọ́kọ́, 8 nínú èkejì, 1 péré ní agbo òde. Kilorínì ní 17: 2, 8, àti 7 ní òde. Agbo òde tí ó pé 8 ni ó fi ara balẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn méjèèjì bá pàdé, sódíọ̀mù yóò fi ẹyọ kan tí ó kù sí òde sílẹ̀, kilorínì yóò sì gbà á. Èyí tí ó fúnni di oníná àròpọ̀ (+), èyí tí ó gbà di oníná àyọkúrò (−). Irú átọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní íọ́ọ̀nù. Nítorí pé iná wọn kò jọ ara wọn, wọ́n a máa fa ara wọn mọ́ra gidigidi. Ìfàmọ́ra yìí ni ó so iyọ̀ pọ̀.

Ní ọdún 1913, William Henry Bragg àti ọmọ rẹ̀ Lawrence fi X-ray wádìí bí àwọn íọ́ọ̀nù wọ̀nyí ṣe tò. Wọn kò tò ní méjì-méjì bí tọkọtaya. Kilorínì 6 ni ó yí sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan ká, sódíọ̀mù 6 sì yí kilorínì kọ̀ọ̀kan ká. Nítorí náà ni hóró iyọ̀ fi ní igun bí àpótí, tí ooru fi ní láti tó 801°C kí ó tó yọ́. Iyọ̀ gbígbẹ kì í gbé iná mànàmáná kọjá, ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ ń gbé e. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ tí ó láàgùn kan wáyà iná, nítorí iyọ̀ ń bẹ nínú òógùn.

Nígbà tí iyọ̀ bá wọ omi, omi a yí íọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ká, a sì fà á kúrò lára èkejì rẹ̀. Iyọ̀ kò parun, ó tú ká ni. Bí omi náà bá gbẹ lórí iná, iyọ̀ yóò kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Ibi tí iyọ̀ bá sì pọ̀ sí ni omi máa ń wọ́ lọ. Báyìí ni iyọ̀ ṣe ń fa omi jáde lára ẹja. Báyìí náà ni ajílẹ̀ òyìnbó, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ẹbí iyọ̀, ṣe ń fa omi jáde lára gbòǹgbò àgbàdo bí a bá dà á sí ìdí rẹ̀ gan-an. Kí àgbẹ̀ fi í sí ẹ̀gbẹ́, bí ìbú ọwọ́ kan sí igi àgbàdo, kí ó sì fi erùpẹ̀ bò ó.

Òfin yìí kan náà ni ó ń gba ọmọ là. Ìgbẹ́ gbuuru a máa kó omi àti iyọ̀ lọ kúrò lára, omi lásán kò sì tó láti dá wọn padà. Ṣùgbọ́n bí sódíọ̀mù àti ṣúgà bá jùmọ̀ dé inú ìfun, wọ́n a jùmọ̀ wọ ara, omi a sì tẹ̀lé wọn. Ní ọdún 1971, nígbà tí àrùn onígbáméjì jà láàárín àwọn tí ogun Bangladesh lé wá sí Bongaon ní ilẹ̀ Íńdíà, oníṣègùn Dilip Mahalanabis fún wọn ní irú omi yìí mu. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn ti ń kú tẹ́lẹ̀, iye náà kò tó 4 mọ́.

Àpò ORS tí a ń rí ní ilé-ìwòsàn ni ó dára jù. Bí kò bá sí, kí ìyá mú lítà 1 omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, kí ó po ṣúgà ṣíbí ìmutíì 6 àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ mọ́ ọn, kí orí ṣíbí tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kí ó tọ́ ọ wò: bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, kí ó dà á nù, kí ó sì po òmíràn, nítorí iyọ̀ tí ó pọ̀ jù yóò fa omi jáde lára ọmọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fà á lára ẹja. Kí ó máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀, kí ó má dá ọmú dúró, kí ó sì da èyí tí ó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24 nù. Bí ojú ọmọ bá jìn, bí kò bá tọ̀ mọ́, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí a sì máa fún un ní omi náà lójú ọ̀nà.