Bí Abẹ́rẹ́ Ojú Ṣe Lè Jìnnà Síra fún Àgbàlagbà tí Mákúlà Rẹ̀ Ń Bàjẹ́

Lára awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn ẹyinjú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń já sí kí ọpọlọ tó mọ ohun tí ènìyàn ń wò, ojú kékeré kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní mákúlà, òun sì ni ènìyàn fi ń kàwé, tó fi ń dá ojú ẹni mọ̀, tó sì fi ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Bí ọjọ́ orí bá ti kọjá àádọ́ta ọdún, mákúlà ẹlòmíràn a bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Oríṣi méjì ni àìsàn náà: oríṣi gbígbẹ máa ń fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ ojú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú oríṣi olómi, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí kò lágbára ni ó ń hù lábẹ́ mákúlà, tí omi àti ẹ̀jẹ̀ sì ń jò lára rẹ̀, débi pé láàrin ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ìlà tó tọ́ á máa wọ́ lójú aláìsàn, òkùnkùn á sì bo àárín ohun tó bá ń wò. Oríṣi olómi yìí ni abẹ́rẹ́ ojú tí à ń sọ wà fún.

Ohun tó ń mú kí àwọn iṣan aláìlera wọ̀nyẹn hù ni purotéènì kan tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè, tí àwọn onímọ̀ sọ ní VEGF; ó wúlò bí egbò bá ń jinná, ó sì wúlò fún ọmọ inú oyún, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù lẹ́yìn ojú àgbàlagbà, ìbàjẹ́ ló ń fà. Napoleone Ferrara wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1989, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Genentech ní California. Ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ló ṣe ranibizumab, oògùn tó ń di VEGF mú kó má lè ṣiṣẹ́, tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2006. Nínú ìwádìí MARINA tó jáde lọ́dún náà, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù fún ọdún kan fi bíi lẹ́tà 7 ríran sí i lórí pátákó àyẹ̀wò, nígbà tí àwọn tí wọ́n kàn ṣe bí ẹni gún lábẹ́rẹ́ pàdánù bíi lẹ́tà 10. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tí dókítà sábà máa ń lè ṣe kò ju kó dá ìbàjẹ́ ojú náà dúró díẹ̀ lọ.

Ìnira tó bá ayọ̀ yìí rìn ni pé oògùn náà kì í pẹ́ nínú ojú. Dókítà á kán oògùn sójú kó má baà mọ ìrora, á fi áyódínì pa kòkòrò àìsàn, á sì gba funfun ojú fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ti mìlílítà 0.05 péré sínú omi kíki tó kún ẹyinjú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan agbára oògùn á ti rọ̀, VEGF á sì tún gbérí. Ẹni ọgọ́rin ọdún tó ní láti máa lọ lóṣooṣù, nígbà mìíràn fún ojú méjèèjì, kì í sábà dá lọ. Ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ ló ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ sìn ín. Àkóràn inú ẹyinjú tí abẹ́rẹ́ lè fà kò wọ́pọ̀, kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún abẹ́rẹ́, àmọ́ ó lè fọ́ ojú pátápátá.

Kò pẹ́ tí àwọn oníṣègùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí abẹ́rẹ́ ṣe máa dín kù, ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kò sì yọrí sí rere. Nínú ìwádìí PIER, wọ́n gún àwọn aláìsàn lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta fún gbogbo wọn láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Ìríran tó ti sunwọ̀n sí i tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí ọdún tó pé. Ìlànà kejì ni pé kí aláìsàn máa wá fún àyẹ̀wò lóṣooṣù, kí wọ́n sì gún un kìkì bí omi bá tún jò. Èyí dín abẹ́rẹ́ kù, kò dín ìrìn-àjò kù, omi sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jò kí ìtọ́jú tó dé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìwádìí bá parí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n wá àwọn kan lára aláìsàn ìwádìí àkọ́kọ́ lórí ranibizumab rí ní nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn náà, tí abẹ́rẹ́ wọn ti dín kù gan-an, ojú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ti bàjẹ́ dé 20/200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ohun tí ojú tó dá ṣáká ń rí láti ẹsẹ̀ bàtà 200, wọ́n ní láti sún mọ́ ọn dé 20. Abẹ́rẹ́ tó dín kù nítorí pé ó ti sú ènìyàn kò jọ abẹ́rẹ́ tó dín kù nítorí pé ojú fúnra rẹ̀ fi hàn pé òun lè dúró, ìyàtọ̀ yìí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ojú ń tẹ̀ lé báyìí ni kí wọ́n máa tọ́jú, kí wọ́n sì máa sún ọjọ́ síwájú. Abẹ́rẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ lóṣooṣù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ẹ̀rọ OCT, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán awọ ẹ̀yìn ojú ní ìpele-ìpele, wò ó bóyá omi ṣì wà níbẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, wọ́n á gún un lọ́jọ́ náà, wọ́n á sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kún àkókò tó kàn, láti mẹ́rin sí mẹ́fà, sí mẹ́jọ, títí dé méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá tún yọjú, wọ́n á dá a padà sí àkókò tó kúrú tí ojú náà fi gbẹ. Bí ẹni ń tú okùn ewúrẹ́ gùn díẹ̀díẹ̀, tó sì ń wò ó kó má baà dé oko olóko, ni dókítà ṣe ń wá ibi tí ojú aláìsàn kọ̀ọ̀kan lè dé. Aláìsàn mọ ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú, gbogbo ìrìn-àjò ló sì ní èrè, nítorí àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ máa ń wáyé lọ́jọ́ kan náà. Nínú ìwádìí CANTREAT ní Kánádà, àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí gba nǹkan bí abẹ́rẹ́ 18 láàrin ọdún méjì, àwọn tó ń gbà á lóṣooṣù gba bíi 24, ìríran àwọn méjèèjì kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Àwọn oògùn tuntun náà ń ti ìgbà náà síwájú. Aflibercept dé ní ọdún 2011 pẹ̀lú àkókò ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, èyí tó lágbára sí i nínú rẹ̀ sì gba ìfọwọ́sí ní 2023. Faricimab tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 ń dènà VEGF àti èròjà kejì tó ń jẹ́ Ang-2, nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó nínú ìwádìí ló sì ti dé àkókò ọ̀sẹ̀ 16 nígbà tí ọdún kan fi máa pé. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́: brolucizumab ti 2019 mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ojú wú nínú àwọn aláìsàn kan, àgbá oògùn kékeré tí wọ́n ń rán mọ́ ara ẹyinjú, tí wọ́n sì ń rọ oògùn kún lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà, sì jáde pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé àkóràn rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti abẹ́rẹ́ lọ.

Fún ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ sanwó ìtọ́jú, bíi ti ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà, bevacizumab ló ṣe pàtàkì jù. Oògùn jẹjẹrẹ ni, Philip Rosenfeld ní Miami sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó sínú ojú ní ọdún 2005. Ìwádìí CATT ti 2011 fi hàn pé ó ṣe bí ranibizumab lójú, owó rẹ̀ sì kéré jìnnà. Sísún ọjọ́ síwájú ṣeé ṣe pẹ̀lú rẹ̀ náà, bí ẹ̀rọ OCT bá wà nítòsí. Àìsàn náà kò wọ́pọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú tó bí ó ṣe wọ́pọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ funfun, àmọ́ àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ti kọ ìròyìn nípa ẹ̀yà rẹ̀ kan tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń so kókó-kókó, ó sì yẹ kí dókítà ojú fura sí i.

Bí àkókò abẹ́rẹ́ bá ti gùn, iṣẹ́ ìṣọ́ tó kù sílé aláìsàn pọ̀ sí i. Ó yẹ kó máa bo ojú kan, kó fi ìkejì wo pátákó onílà tí Marc Amsler, oníṣègùn ojú ará Switzerland, ṣe, kó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì. Bí ìlà bá wọ́, tàbí tí àárín rẹ̀ ṣókùnkùn lójijì, kó pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ku oṣù méjì.