Ata Rí Iná, Ewé Ò Rí Iná

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń lọ sópin ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ní Amẹ́ríkà, òórùn ata yíyan a gba ìgboro kan. Níwájú ilé ìtajà àti lẹ́bàá títì, àwọn aláta á da ata tí kò tíì pọ́n sínú àgbá tí wọ́n fi wáyà hun, wọ́n á tan iná gáàsì sí i, wọ́n á sì máa yí i. Èèpo á máa ta pàpà, á dúdú, á máa já bọ́. Àpò-àpò làwọn oníbàárà ń rà á lọ sínú fírísà ilé wọn. Bí èèyàn bá sì wọ ilé oúnjẹ níbẹ̀, wọ́n á bi í pé: “Ata pupa ni àbí aláwọ̀ ewé?” Ata kan náà ni méjèèjì, ọ̀kan pọ́n, èkejì ò tíì pọ́n ni.

Fabián García, ọmọ bíbí Mexico, ló tún ata náà ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Las Cruces. Lọ́dún 1921 ló gbé èyí tó pè ní New Mexico No. 9 jáde. Ata tó lẹ́ran, tí ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, tí èèpo rẹ̀ ò sì ní yọni lẹ́nu láti bó ló ń wá.

Lára irú èèpo yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà nínú ọbẹ̀ ata yíyan tí a fẹ́ ṣe yìí, èyí tí wọ́n ń dà sórí sàláàdì. Wọ́n á gbé ata sórí iná, wọ́n á máa fi ẹ̀mú yí i títí gbogbo ara rẹ̀ á fi dúdú, láìjẹ́ kí ẹran inú rẹ̀ jóná. Wọ́n á kó o sínú abọ́, wọ́n á fi àwo dé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru tó há sínú abọ́ ló ń tú èèpo náà; ìka lásán á bó o kúrò. Ẹ má fi omi ṣan án o! Adùn iná ni omi máa ṣàn lọ. Ẹ yọ fọ́nrán funfun inú rẹ̀ náà, nítorí ibẹ̀ ni oró ata ń gbé, kì í ṣe inú kóró bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò.

Ẹ yan ááyù pẹ̀lú èèpo rẹ̀ títí á fi rọ̀, kí ẹ wá bó o, kí ẹ lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ata, iyọ̀, òróró ṣíbí mẹ́ta àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kan.

Ata tí wọ́n ń pè ní poblano làwọn ará Mexico sábà máa ń lò. Kò sí i ní ọjà Mile 12 ní Èkó, àmọ́ tàtàṣé tó lẹ́ran lè ṣe é, kí rodo ẹyọ kan tẹ̀ lé e. Ẹyọ kan ṣoṣo! Lórí òṣùwọ̀n oró ata tí Wilbur Scoville gbé kalẹ̀ lọ́dún 1912, poblano kì í sábà kọjá 2,000, bẹ́ẹ̀ habanero, tí òun àti rodo wa jọ jẹ́ ẹ̀yà kan náà, máa ń ju 100,000 lọ. Àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Àríwá àti Gúúsù, ni àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀. Ọkọ̀ òkun ló gbé ata dé ọ̀dọ̀ wa.

Ó ku ewé. Sàláàdì òde ìnáwó wa, tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú kíríìmù pẹ̀lú ẹ̀wà agolo àti ẹyin, dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń mọ adùn lẹ́tùùsì nínú rẹ̀? Ti ọbẹ̀ ata yìí yàtọ̀. Ẹ fi omi tó mọ́ fọ ewé náà dáadáa, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ gbẹ ẹ́, torí òróró kì í dúró lára ewé tó tutù. Ẹ fi ọwọ́ ya á, kí ẹ gé kùkúḿbà àti àlùbọ́sà díẹ̀ sí i.

Ó di ìgbà tí gbogbo ilé bá jókòó tán kí ẹ tó da ọbẹ̀ ata náà sí i, torí iyọ̀ tètè máa ń mú ewé rọ. Ọbẹ̀ ata tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ fi jẹ ẹja yíyan láàárín ọjọ́ mẹ́ta.