Auto-Tune ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Auto-Tune jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn aṣàgbéjáde orin fi ń tún ohùn akọrin ṣe bí ó bá ga jù tàbí tí ó bá rẹlẹ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ Antares Audio Technologies ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1997. Ìdí iṣẹ́ epo rọ̀bì ni Andy Hildebrand tó ṣe é ti wá. Níbẹ̀, wọ́n a máa rán ìró wọ inú ilẹ̀, wọn a sì fi ìṣirò ka bí ó ṣe ń ta padà lára àpáta, kí wọ́n lè mọ ibi tí epo lè wà. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ló fi kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá ohùn mọ̀.

Bí ènìyàn bá ń kọrin, afẹ́fẹ́ a máa gbọ̀n léraléra. Ètò yìí a fi ìgbì ohùn náà wé ara rẹ̀, a sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ iye ìgbà tí ó gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́yìn èyí, yóò fà á lọ sí ohùn tó sún mọ́ ọn jù lọ lórí àtẹ ohùn tí a yàn fún un: bí akọrin bá kọ 430, tí èyí tó wà nítòsí lórí àtẹ sì jẹ́ 440, 440 ni olùgbọ́ yóò gbọ́. Bí ó bá fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, etí kì í fura. Bí ó bá fà á lọ́gán, ohùn a máa fò láti ìpele kan sí èkejì bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, a sì dún bí ohùn ẹ̀rọ. Orin “Believe” tí Cher kọ ní 1998 ló mú kí ayé mọ ìró yìí.

Ní Kano, ìró ẹ̀rọ yìí gan-an ni wọ́n ń fẹ́. Ó ti di ara ohun tí a fi ń dá orin fíìmù Kannywood mọ̀, pàápàá nínú ohùn obìnrin. Kò tọ́ kí a pe èyí ní ẹ̀tàn, nítorí kò sẹ́ni tó ń fi í pamọ́. Kì í sì í ṣe Auto-Tune nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ náà: FL Studio, ètò ilé-iṣẹ́ Image-Line ní Bẹ́ljíọ̀mù tí a ń pè ní FruityLoops títí di 2003, ní irinṣẹ́ tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni àtẹ ohùn. Àtẹ tí ètò yìí ń bá wá ni ti dùùrù òyìnbó, tí ó pín àlàfo tó wà láàrin ohùn kan àti èyí tó ń gbọ̀n ní ìlọ́po méjì rẹ̀ sí ọ̀nà 12 tó dọ́gba. Balafon àwọn Mandinka ní Guinea àti Mali, ohun èlò onígi tí a ń fi ọ̀pá lù, pín in sí ọ̀nà 7 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí a bá fi 100 dúró fún ìgbésẹ̀ kan lórí dùùrù, nǹkan bí 171 ni ti balafon. Ohùn kẹta rẹ̀ yóò bọ́ sí nǹkan bí 343, láàrin 300 àti 400, kò sì jẹ́ ti èyíkéyìí nínú méjèèjì. Akọrin tó bá bá balafon mu gẹ́lẹ́ ni Auto-Tune yóò kà sí ẹni tó ṣìnà, yóò sì fà á sí 300. Balafon yóò dúró síbi tó wà. Ẹni tó kọ ọ́ bó ti yẹ ni yóò wá dà bí ẹni tó ṣì í kọ. Ètò náà gbà kí a yan àtẹ mìíràn tàbí kí a yọ ohùn kan kúrò, ṣùgbọ́n aṣàgbéjáde tí kò bá fọwọ́ kàn án ti gba àtẹ dùùrù láìmọ̀.

Èdè olóhùn náà ní ìpín tirẹ̀. Fífà díẹ̀ kì í sọ “ọkọ” di “ọkọ́”. Àmọ́ nínú Yorùbá, ohùn òkè tó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, bíi ti “ìwé”, ń gòkè bọ̀ ni, Haúsá náà sì ní ohùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí sílébù kan ṣoṣo. Irú ìyọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìfà òjijì ń gé sí wẹ́wẹ́.

Lórí ìtàgé, ìdádúró tún wà. Kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn ní ìwọ̀n 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó sì ń kó 256 jọ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, yóò fi nǹkan bí ìdá 11 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá ṣòfò ní àwọlé àti àjáde. Ó dà bí ẹni pé a gbé sípíkà akọrin jìnnà sí i ní nǹkan bí mítà 3.7. Nítorí náà ni àwọn ẹnjiníà ohùn fi ń dín ìkójọ náà kù sí 128 tàbí 64, bí kọ̀ǹpútà wọn bá lágbára tó. Bí ìlù tàbí fèrè bá sì wọ inú maikirofóònù akọrin, ètò náà kò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀lé, ohùn a sì máa ta gìrì láàrin ọ̀rọ̀. Maikirofóònù tó sún mọ́ ẹnu, tó sì kọ ẹ̀yìn sí onílù, ń dín èyí kù.