Igi Tí A Gé, Igi Tí A Gbìn

Ẹ̀yin ará Kétu! Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ èédú.

Àpò èédú ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Kútọnù. Owó rẹ̀ ń bọ́ ọmọ, a kò lè sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sun èédú lábẹ́ erùpẹ̀ ń lo igi bíi kílò 5 sí 7 kí ó tó rí èédú kílò 1. Bí igi bá tán, èédú tán, owó náà tán.

Kí ni a lè ṣe nílé? Ẹ má fi igi tútù dáná. Ẹ sá a kí ó gbẹ. Ẹ fi amọ̀ yí ààrò ká, kí ẹ fi ẹnu kan sílẹ̀ fún igi, kí ooru má baà ṣòfò. Ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ni Ọjọ́ Igi ní ilẹ̀ Benin láti 1985. Òjò ti dé nígbà náà: ẹ gbin igi, kí ẹ ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ní Kenya, ní 1977, igi 7 ni Wangari Maathai fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin oko dara pọ̀ mọ́ ọn; wọ́n gbin ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ní 1989, ìjọba fẹ́ kọ́ ilé gogoro sínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Nairobi. Ó kọ̀wé, ó pariwo, títí wọ́n fi pa ètò náà tì.

Bí ìpàdé abúlé bá dé, ẹ dìde, kí ẹ béèrè pé: "Ta ni ń gé igi wa? Ta ni yóò gbin òmíràn?" Kí abúlé fẹnu kò: ẹni tó bá gé 1, kí ó gbin 2.