Ìsanrajù Ọmọdé: Láti Inú Oyún Ni A Ti Ń Ṣọ́ Ọ

Bí a bá rí ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, tí itan rẹ̀ sì ki, a máa ń kí ìyá rẹ̀ pé ó kú ìtọ́jú. Ìkíni náà kò burú. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ọmọ tí ara rẹ̀ le àti ọmọ tí ọ̀rá ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ọmọdé tí ó sanra ré kọjá ààlà sábà máa ń di àgbàlagbà tí ó sanra jù, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru a sì máa tètè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ọ̀ràn náà kì í ṣe ti oúnjẹ tí ọmọ ń jẹ nìkan. Láti inú ìyá rẹ̀ ni ara ọmọ ti ń kọ́ bí yóò ṣe máa lo oúnjẹ.

Ebi Tí Ó Pa Ìyá

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ebi tí ó pa aláboyún lè mú kí ọmọ rẹ̀ sanra jù lẹ́yìn ọ̀la. Ilẹ̀ Họ́láńdì ni ẹ̀rí rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn gbangba. Ní ìparí ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Jámánì tí ó gba ilẹ̀ náà dí ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Ìyàn mú títí di oṣù Karùn-ún ọdún 1945, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Nítorí pé a mọ ìgbà tí ìyàn náà bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó parí, ó ṣeé ṣe láti mọ oṣù oyún tí ó bá ìyá kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1976, a tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí nǹkan bí 300,000 ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 19 tí a yẹ̀ wò fún iṣẹ́ ológun. Ìsanrajù pọ̀ láàárín àwọn tí ìyàn bá ìyá wọn ní ìdajì àkọ́kọ́ oyún. Ó sì kéré láàárín àwọn tí ìyàn bá ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún àti ní kété tí a bí wọn.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wà ní orílẹ̀-èdè tiwa pẹ̀lú. Ní ọdún 2009, a yẹ àgbàlagbà 1,339 wò ní ìlú Enugu. A bí àwọn kan nínú wọn ṣáájú ìyàn ìgbà ogun abẹ́lé, a bí àwọn kan nígbà tí ìyàn náà mú, láti 1968 sí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, a sì bí àwọn yòókù lẹ́yìn rẹ̀. Bí ogójì ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tó, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí kò dúró déédéé àti ìsanrajù wọ́pọ̀ lára àwọn tí ìyàn bá nínú oyún tàbí ní ọmọ ọwọ́ ju lára àwọn tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé, ọmọ inú tí oúnjẹ kò tó a máa kọ́ ìṣúnná, bí àgbẹ̀ tí ó ti rí ọ̀dá rí, tí ń kó gbogbo ìkórè rẹ̀ sí àká. Nígbà tí oúnjẹ bá wá pọ̀, ara náà kì í fi àṣà rẹ̀ sílẹ̀. Yóò máa kó oúnjẹ pamọ́ bí ọ̀rá.

Ṣúgà Tí Ó Pọ̀ Jù

Ọ̀nà kejì yàtọ̀ sí èyí. Àtọ̀gbẹ a máa mú àwọn obìnrin kan nígbà tí wọ́n bá lóyún, láìjẹ́ pé wọ́n ní in tẹ́lẹ̀, ó sì lè má fi ara hàn rárá. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá a máa gba inú ibi, èyí tí í tẹ̀lé ọmọ jáde nígbà ìbímọ, kọjá sára ọmọ. Ṣùgbọ́n ínsúlínì, omi ara tí ń ṣàkóso ṣúgà, kì í bá a kọjá. Ọmọ náà yóò máa ṣe ínsúlínì tirẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí yóò sì máa sọ ṣúgà náà di ọ̀rá. Oníṣègùn ará Dẹ́ńmáàkì kan, Jørgen Pedersen, ni ó ṣàlàyé èyí ní ọdún 1952. Ìbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè nira, ewu ìsanrajù a sì máa tẹ̀lé e. Ewu kan náà wà fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ sanra jù kí ó tó lóyún, àti fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń mu sìgá nínú oyún.

Àwọn Àmì Tí Ó Yẹ Kí A Ṣọ́

Àwọn àgbà ní láti kékeré ni a ti ń pa ẹ̀kan ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Àwọn àmì wọ̀nyí ni kí òbí fi iyè sí:

Èkíní, ìwọ̀n ọmọ ní ọjọ́ ìbí. Ọmọ tí kò tó kílógíráàmù 2.5, àti èyí tí ó ju 4 lọ, yẹ fún àkíyèsí.

Èkejì, ọmọ tí ń tẹ̀wọ̀n sí i lọ́nà tí ó yára jù ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Káàdì ọmọ yóò fi èyí hàn bí a bá ń wọ̀n ọ́n déédéé.

Ẹ̀kẹta, ikùn. Fún ọmọ tí ó ti tó ilé-ìwé lọ, ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ikùn rẹ̀ yípo. Kò yẹ kí ó ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 120, kí ikùn rẹ̀ má ṣe ju 60 lọ.

Ẹ̀kẹrin, ọrùn àti abíyá. Bí awọ ibẹ̀ bá dúdú ju ti ara yòókù lọ, tí ó sì nípọn, ọ̀pọ̀ ìyá a rò pé ìdọ̀tí ni, wọn a sì máa fi kànìnkànìn bó ọmọ lára. Lára ọmọ tí ó sanra, ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé ínsúlínì kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà.

Ohun Tí A Lè Ṣe

Kí aláboyún lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí oṣù mẹ́ta oyún tó pé, kí ó sì béèrè fún àyẹ̀wò ṣúgà láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Kí ó má ṣe fi ebi pa ara rẹ̀ kí ọmọ má baà tóbi, kí ó má sì jẹ oúnjẹ ẹni méjì. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ni kí ó máa jẹ. Ìgbín tí àwọn kan ń kà léèwọ̀ fún un, nítorí kí ọmọ má baà máa da itọ́, oúnjẹ tí ń ṣara lóore ni bí a bá sè é jinná.

Bí a bá bímọ tán, ọmú nìkan tó fún un ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Kí a má ṣe fi ipá rọ ọmọ lóúnjẹ, kí a má sì sọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò di omi mímu rẹ̀. Kí ó máa sáré, kí ó máa ṣeré.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ebi pa ọmọ nítorí pé ó sanra. A kò sì di ẹ̀bi ru ìyá kankan, nítorí kì í ṣe aláboyún ni ó pe ìyàn tàbí àtọ̀gbẹ wá. Ọmọ tí ó bá ní àmì wọ̀nyí kò tíì ṣàìsàn dandan. Ìkìlọ̀ ni a rí gbà ní àkókò. Kí ọkọ gbọ́ èyí, kí ìyá ọkọ náà gbọ́ ọ, nítorí àwọn ni wọ́n sábà ń pín oúnjẹ, tí wọ́n sì ń san owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.